Ṣé Òótọ́ Ni Pé Àìsàn Tó Ti Wà Lára Tẹ́lẹ̀ Ò Kan Oògùn Jẹjẹrẹ?

"Jẹjẹrẹ la gbé wá, ẹ má da ọ̀rọ̀ àìsàn mìíràn pọ̀ mọ́ ọn." Ọ̀rọ̀ yìí ò yéé jáde lẹ́nu àwọn ẹbí aláìsàn, ó sì ń dùn mí gan-an, torí pé ó lè gbẹ̀mí èèyàn.

Pé oògùn jẹjẹrẹ le, kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Ẹ wo R-CHOP, àpapọ̀ oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú oríṣi lymphoma kan, jẹjẹrẹ tó máa ń mú kí kókó wú lọ́rùn tàbí lábíyá. Doxorubicin inú rẹ̀ lè ba ọkàn jẹ́; prednisolone máa ń gbé ṣúgà alátọ̀gbẹ sókè. Ìwọ̀nyí, àwọn èèyàn ṣì ń gbọ́ nípa wọn.

Èyí tí wọn kì í gbọ́ ni ti rituximab, R inú orúkọ yẹn, àti àrùn mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé nǹkan bí 8 nínú èèyàn 100 ló ní kòkòrò rẹ̀ lára, láàárín àwọn tó wà ní ọmọ ọdún 15 sí 64. Ọ̀pọ̀ ni ò mọ̀, torí ara wọn le. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ló ń ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò nínú ẹ̀dọ̀. Rituximab sì ń pa sẹ́ẹ̀lì B, tó wà lára àwọn agbèjà náà. Kòkòrò á jí, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú, ẹ̀dọ̀ sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún 2013, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fi èyí sínú ìkìlọ̀ tó le jù lọ lára oògùn náà.

"Wọ́n ti yẹ̀ mí wò, wọ́n ní mi ò ní in." Àyẹ̀wò wo? Èyí tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, tó ń fi ìlà hàn, ẹni tí kòkòrò náà ń ṣe lọ́wọ́ ló sábà máa ń mú. Ẹni tó ní in rí, tó ti bọ́ níbẹ̀, lè gba nẹ́gétífù, síbẹ̀ kí gbòǹgbò kòkòrò ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò kejì, anti-HBc, ló ń fi àpá rẹ̀ hàn. Méjèèjì ló yẹ kí wọ́n ṣe kí rituximab tó wọ ara.

Mi ò sọ pé kòkòrò náà máa jí lára gbogbo ẹni tó ti ní in rí, kì í sì í ṣe gbogbo oògùn jẹjẹrẹ ni ewu rẹ̀ tó báyìí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i, ọ̀pọ̀ ṣì lè gba rituximab: dókítà á kọ́kọ́ fún wọn ní entecavir tàbí tenofovir, oògùn tó ń ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò, wọ́n á sì máa lò ó fún ọdún kan ó kéré tán lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Kòkòrò náà lè jí títí di ọdún méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ rituximab ìkẹyìn. Nítorí náà, bí ojú bá pọ́n lásìkò yẹn, ẹ má pè é ní ibà, ẹ má po agbo sí i. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó tọ́jú jẹjẹrẹ náà, kí ẹ ní kó yẹ ẹ̀dọ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an.