Ọ̀nà Tí Ìdarí Ń Gbà Dé Ọ̀dọ̀ Ọmọ ní Jẹ́lé-ó-sinmi

Bí a bá ní kí ènìyàn tọ́ka sí aṣáájú ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ọ́fíìsì ni ọ̀pọ̀ yóò nawọ́ sí, níbi tí ẹnì kan ti ń gba owó ilé-ẹ̀kọ́, tó ń buwọ́ lùwé, tó sì ń fi sùúrù dá òbí tí inú ń bí lóhùn. Iṣẹ́ wọ̀nyẹn pọn dandan, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá rí owó oṣù san kò ní pẹ́ kógbá sílé. Síbẹ̀, ọmọ ọdún 3 kò mọ ohunkóhun nípa wọn. Ojú olùkọ́ rẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́, ohùn olùkọ́ náà ló sì ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó wá ṣòro níbẹ̀ ni bí ohun tó wà lọ́kàn aṣáájú ṣe ń dé etí ọmọ tí aṣáájú fúnra rẹ̀ kì í kọ́.

Iṣẹ́ méjì ni àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìkíní ni àkóso, èyí tó jẹ mọ́ owó, ilé, ààbò àti iye òṣìṣẹ́. Kò ní àdììtú kankan nínú, a ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ìkejì ni ìdarí ẹ̀kọ́: kí ni àwọn ọmọ ń ṣe, kí ni àgbàlagbà ń bá wọn sọ, kí sì ni olùkọ́ yóò yí padà lọ́la? Òfin àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ya èyí sọ́tọ̀. Ní Ọsirélíà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012, dandan ni kí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ìwé yan ẹnì kan tí yóò máa darí ètò ẹ̀kọ́ ibẹ̀, ó sì lè jẹ́ olùkọ́ tó ṣì wà láàárín àwọn ọmọ. Ní Nọ́wè, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 béèrè fún aṣáájú ẹ̀kọ́ 1, ó kéré tán, fún ọmọ 7 tí kò tíì pé ọdún 3, àti 1 fún ọmọ 14 tó ti kọjá ọjọ́ orí náà. Olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́tọ̀ níbẹ̀. Inú yàrá tí àwọn ọmọ wà ni wọ́n fi aṣáájú ẹ̀kọ́ sí.

Ìdarí ẹ̀kọ́ dà bí omi tí a fẹ́ kó dé ebè tó jìnnà sí odò. Ẹni tó dúró létí odò kò lè fi ọwọ́ ju omi náà débẹ̀; ojú ọ̀nà ni yóò gbẹ́, olùkọ́ sì ni ojú ọ̀nà náà. Ìpàdé oṣooṣù, ìwé ìlànà tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan tí gbogbo olùkọ́ fi ń tòògbé, omi tí a dà nù sétí odò ni gbogbo wọn: ilẹ̀ ibẹ̀ tutù rinrin, ebè sì gbẹ. Àárẹ̀ sì ni koríko tó máa ń dí ojú ọ̀nà yẹn. Olùkọ́ kan ṣoṣo tó wà nídìí ọmọ wẹ́wẹ́ tó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ yóò máa pa aṣọ dà, yóò máa là wọ́n níjà, yóò máa nu imú, kò sì sí ìmọ̀ràn aṣáájú kan tó lè gba ibẹ̀ kọjá títí a ó fi fún un ní ẹnì kejì. Ìdí nìyí tí àkóso, bí kò tilẹ̀ dùn ún sọ, fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn ni ìgbà tí aṣáájú bá wọ yàrá láti wò. Ó jókòó sórí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ìwé àti bírò, fún bí ìṣẹ́jú 15. Kò kọ “ó dára” tàbí “kò dára” sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ gan-an ló ń kọ, bó ṣe jáde lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ọmọkùnrin kan wà nídìí ọpọ́n omi, ó ń da omi láti inú ife gíga tó tín-ín-rín sínú abọ́ tó fẹ̀. Ó dúró, ó wo abọ́ náà, ó ní, “Omi ti dín kù.” Olùkọ́ tó ń kọjá lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó béèrè pé, “Àwọ̀ wo ni ife yìí?” Ọmọ ní, “Pupa.” Olùkọ́ ní, “Ó káre,” ó sì kọjá. Ọmọ náà fi ife sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí wọ́n sọ yẹn, kò sí ohun búburú kan. Olùkọ́ ṣe jẹ́jẹ́, ó yin ọmọ, ọmọ sì gba ìbéèrè náà. Bí a bá fi máàkì wọ̀n ọ́n, yóò yege. Àmọ́ ohun tí ọmọ náà ń rò ti bọ́. Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ Súwísáláńdì, ti ṣàlàyé tipẹ́ pé ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yìí sábà máa ń fi gíga omi mọ iye omi, débi pé bí a bá yí ohun èlò rẹ̀ padà, ó lè rò pé omi náà ti kéré tàbí pé ó ti pọ̀ sí i. Ọmọ tó ń sọ pé omi ti dín kù wà lẹ́nu ọ̀nà ìmọ̀ kan tó tóbi, wọ́n sì fa ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi àwọ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá sùn lọ́sàn-án, aṣáájú àti olùkọ́ yóò jọ jókòó. Aṣáájú tó mọṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdájọ́. Yóò ka ohun tó kọ sílẹ̀, yóò sì béèrè pé, “Kí lẹ rò pé ó ń wò nígbà tó ní omi ti dín kù?” Lẹ́yìn náà, yóò dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn wà lára iṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, Mary Budd Rowe, olùwádìí ọmọ Amẹ́ríkà, kíyè sí i ní àwọn kíláàsì sáyẹ́ǹsì pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 1 lọ lẹ́yìn ìbéèrè kó tó tún sọ̀rọ̀, àti pé níbi tí wọ́n bá ti dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, àwọn fúnra wọn a sì túbọ̀ máa béèrè. Olùkọ́ tí aṣáájú rẹ̀ dúró dè báyìí ti rí bí ìdúró ṣe ń rí lára kó tó di pé a ní kó lọ dúró de ọmọ. Bí òun fúnra rẹ̀ bá wá sọ pé, “Ó yẹ kí n béèrè ibi tí omi náà lọ,” ọ̀rọ̀ ti di tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo yẹn ni wọn yóò mú lọ, aṣáájú yóò sì padà wá wò ó ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìpadàwá yìí ló máa ń já jù, nítorí òun ni ìdíwọ́ kékeré kan ní ọ́fíìsì máa ń kọ́kọ́ gbé lọ.

Èyí tó máa ń múni bínú ni pé wọ́n ń pe ètò yìí ní àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò ní ohun èlò tirẹ̀. Ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní ECERS ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1980, tó ń fún yàrá ọmọ ní máàkì láti 1 dé 7 lórí ohun èlò, ètò àti ìbáṣepọ̀. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi ilé-ẹ̀kọ́ kan wé òmíràn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí a sọ fún pé 4 ló gbà kò tíì mọ ohun tí yóò sọ fún ọmọ tó wà nídìí omi ní àárọ̀ ọ̀la. Ó tilẹ̀ lè kọ́ bí a ti ń ṣe dáadáa lójú àlejò.

Ẹ̀rí wà pé ẹni tó wà nípò olùdarí ń nípa lórí ọmọ. Ìwádìí EPPE, tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1997, tó sì tọ ipasẹ̀ nǹkan bí ọmọ 3,000, rí i pé níbi tí olùdarí ti ní ìmọ̀ ìkọ́ni tó jinlẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ náà sábà máa ń dára jù, àwọn ọmọ ibẹ̀ a sì máa tẹ̀ síwájú jù. Ìwádìí kan náà rí i pé ìjíròrò tí àgbàlagbà àti ọmọ ti jọ ń ronú lórí ọ̀rọ̀ kan títí, tí àwọn méjèèjì ń fi ọwọ́ kún un, wọ́pọ̀ níbi tó dára jù ju ibòmíràn lọ.

Àbùkù bí wọ́n ṣe ń yan aṣáájú ẹ̀kọ́ sì hàn síta. Ọ̀nà tí wọ́n sábà ń gbà dá olùkọ́ tó mọ ọmọ bá sọ̀rọ̀ jù lọ́lá ni kí wọ́n mú un kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, kí wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ àti ìwé owó lé e lọ́wọ́, bí ẹni pé ọ̀kan ló wà láàárín mímọ ọmọ í bá sọ̀rọ̀ àti mímọ àgbàlagbà í kọ́. Òfin Ọsirélíà gan-an, tó ní kí a yan aṣáájú ẹ̀kọ́, kò sọ iye wákàtí tó gbọ́dọ̀ fi ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí a bá yàn láìfún un ní àkókò, orúkọ lásán ló gbà.

Ìlú Reggio Emilia ní Ítálì gba ọ̀nà mìíràn, ó sì jọ pé ọ̀nà wọn gbọ́n jù. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ tí ìjọba ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá sílẹ̀ ní ọdún 1963, tí Loris Malaguzzi darí èrò wọn, kì í ní ọ̀gá àgbà. Olùkọ́ méjì tí ipò wọn dọ́gba ló ń wà nídìí ẹgbẹ́ ọmọ kan. Ẹni tí wọ́n ń pè ní pedagogista máa ń lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì, ó ń bá àwọn olùkọ́ jíròrò lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n kọ sílẹ̀, fọ́tò tí wọ́n yà àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ. Bí olùkọ́ kan bá lọ, ìmọ̀ tó wà nínú àkọsílẹ̀ kò bá a lọ, ẹnì kejì rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó mọ ìtàn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ti rìnrìn àjò lọ wo ibẹ̀, tí wọ́n sì mú ohun ọ̀ṣọ́ ògiri bọ̀ wálé. Èyí tó ṣòro láti mú bọ̀ ni pé ìlú náà ń san owó wákàtí tí olùkọ́ kò fi sí lọ́dọ̀ ọmọ, tó fi ń ṣèpàdé, tó sì fi ń kọ àkọsílẹ̀. Nítorí náà, bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá sọ pé òun ní aṣáájú ẹ̀kọ́, ìwé ìpín iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ni kí a kọ́kọ́ béèrè, kí a wo wákàtí tí aṣáájú àti olùkọ́ fi ń jókòó pọ̀, àti orúkọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ní wákàtí náà.