Ìjọ Áńgílíkà ní ìgboro Èkó

Ìjọ Áńgílíkà wà lára àwọn ìjọ Kristẹni tó pẹ́ jù lọ ní Èkó. Ìwé Àdúrà, tí ìpilẹ̀ rẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ètò ọdún ìjọ láti Àdífẹ́ǹtì, àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, títí dé àwọn ọ̀sẹ̀ gbọọrọ tó ń tẹ̀ lé ọjọ́ Mẹ́talọ́kan. Síbẹ̀, bí a bá bi ọmọ ìjọ léèrè ọjọ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ jù, ìkórè, ìdúpẹ́, ìsàmì, ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Nínú àwọn ayẹyẹ yìí ni ará Èkó ti sọ ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó di agbo ilé tirẹ̀.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní Oṣù Kejìlá 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fọ́ Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti wà ní Àgbádárìgì wọ ìlú náà. Àwọn Sàró ló kún inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n kàwé ní Freetown ní Sierra Leone, tí wọ́n wá padà sílé, àwọn àtàwọn ọmọ wọn, pẹ̀lú kóòtù àti Ìwé Àdúrà lọ́wọ́. Ìjọ St. Paul's ní Breadfruit bẹ̀rẹ̀ ní 1852. St. Jude's ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta jẹ́ ti àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá tó sá kúrò l'Abẹ́òkúta nígbà Ìfọ́lé ọdún 1867, nígbà tí àwọn ará ìlú kó ẹrù inú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ Christ Church lélẹ̀ ní Marina. Ilé tó wà níbẹ̀ lónìí, tó ti di Kàtídírà (ṣọ́ọ̀ṣì bíṣọ́ọ̀bù), Bagan Benjamin ló ya àwòrán rẹ̀. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó padà jẹ ọba tí wọ́n pè ní Edward Kẹjọ ló fi òkúta rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, wọ́n sì kọ́ ọ parí ní 1946.

Àjọgbé àwọn òyìnbó àti àwọn ọmọ ìjọ kò fìgbà gbogbo rọgbọ. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ní kí James Johnson fi Breadfruit sílẹ̀ lẹ́yìn tó di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ rò pé wọ́n fi àlùfáà wọn wọ́lẹ̀ ni. Ní Oṣù Kẹwàá 1901 wọ́n jáde, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Dáyósíìsì Èkó, ìyẹn àpapọ̀ àwọn ìjọ tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Èkó, bẹ̀rẹ̀ ní 1919. Ní 1979 ni Ìjọ Nàìjíríà bọ́ sí àyè ara rẹ̀, Timothy Olúfosóyè sì ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi

Ìsìn méjì ló wọ́pọ̀ ní àwọn ìjọ ìgboro. Àárọ̀ kùtù ni ti Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí kì í ṣe Yorùbá sábà máa ń lọ. Ti Yorùbá tẹ̀ lé e, òun ló máa ń gùn, òun náà ló sì ń gba gèlè àti fìlà. Ẹni tó gbé àgbélébùú ló ń ṣíwájú ìtò, àwọn akọrin tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ funfun lórí kásọ́ọ̀kì, àlùfáà ló ń gbẹ̀yìn. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, Sáàmù, ẹ̀kọ́ kíkà, ìgbàgbọ́, àdúrà: létòlétò ni. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé rárá lè dá gbogbo rẹ̀ lóhùn láìṣì í, torí ó ti há a sórí láti kékeré. Bíbélì tí wọ́n ń kà jẹ́ èyí tí Samuel Àjàyí Crowther àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tó sì parí ní 1884. Crowther gan-an, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní 1864, Èkó ló kú sí lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891.

Ìfilọ̀ lè pẹ́ ju ìwàásù lọ, kò sì sẹ́ni tó ń fẹ́ kó kọjá òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ta ló bímọ, ta ló wà ní ọsibítù, ẹgbẹ́ wo ló ń ṣe ìpàdé, ọkọ̀ ta ló dí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kéde ìgbéyàwó fún ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, kí ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n so tọkọtaya pọ̀ lè sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìyàwó, orí á yí sẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti wò bóyá ó wà níjokòó.

Apá tó jẹ́ ti ọmọ ìjọ pátápátá ni ìdúpẹ́. Nígbà tó bá kan àwọn tí wọ́n bí nínú oṣù náà, tàbí ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílé, dùrù á dákẹ́, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo á gbà á. Wọ́n á jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, ẹbí lẹ́yìn, ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ẹbí, ọrẹ lọ́wọ́. Ìwé Àdúrà ní àdúrà ìdúpẹ́ tirẹ̀, ijó ni kò sí níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ àti àkóso

Fíkà ni olórí ìjọ. Wọ́dìn méjì ló ń ràn án lọ́wọ́, ọ̀kan jẹ́ ti àlùfáà, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ènìyàn, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ìjọ tó ń jókòó lórí owó, òrùlé tó ń jò àti epo jẹnẹrétọ̀. Dáyósíìsì ló ń gbé fíkà wá, òun náà ló ń gbé e lọ. Àwọn wọ́dìn àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni kì í ṣí nípò, torí náà wọ́n mọ ìtàn ìjọ ju àlùfáà lọ, wọn kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé.

Ìjọ kan lè ní ẹgbẹ́ bí ogún: akọrin, Bọ́ìsì Bìrìgéèdì ti àwọn ọmọkùnrin, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ ọkùnrin, ẹgbẹ́ obìnrin lóríṣiríṣi tó ní aṣọ àti orúkọ tirẹ̀. Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ jẹ́ oyè tí wọ́n ń fi dá àgbà tó ti pẹ́, tó sì lawọ́, lọ́lá. Ẹgbẹ́ Ìyá, tí Mary Sumner dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1876, wà fún obìnrin tó ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere ní àyè fún àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, torí ìlú tí ọ̀pọ̀ bàbá ti ní ju ìyàwó kan lọ ni. Ìyàwó kejì lè máa gbá ṣọ́ọ̀ṣì fún ogún ọdún, kó sì jẹ́ pé ìjokòó ló máa wà nígbà táwọn ẹlòmíì bá ń lọ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa.

Owó kíláàsì ni owó tí ọmọ ìjọ ń san láti fi hàn pé òun jẹ́ ọmọ ìjọ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ kì í rántí rẹ̀ títí òkú yóò fi ṣẹlẹ̀ nílé wọn, tí akọ̀wé ìjọ yóò wá ṣí ìwé gbèsè.

Orin

Àwọn míṣọ́nnárì gbé ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì lé ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó ròkè, ohùn orin á fà á wálẹ̀, tó fi jẹ́ pé "ọkọ" lè di "ọkọ̀" tàbí "ọkọ́" lẹ́nu akọrin. Àwọn tó fẹ́ wá nǹkan ṣe sí i kò pẹ́ kí wọ́n tó yọjú. Láti Abẹ́òkúta, àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ń kọ orin ìyìn ní ohùn ìbílẹ̀, ó sì gbà á sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. Ní Kàtídírà Marina, T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips tẹ dùrù láti 1914 títí dé 1962. Ó kọ́ àwọn ọmọdékùnrin akọrin, ó ṣe orin tó tẹ̀ lé ohùn èdè Yorùbá, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Fẹlá Ṣówándé, tó padà di ìlúmọ̀ọ́ká nínú orin, kọrin lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé.

Lónìí, oríṣi orin méjì ló ń bá ara wọn gbé. Akọrin ń fi sọ́fà (àmì orin do, re, mi) kọ́ orin ohùn mẹ́rin ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé wọn. Àwọn ọ̀dọ́ mú gìtá àti máíìkì wá, torí wọ́n rí i pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ń lọ sí àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì. Àwọn àgbà ní ariwo ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣubú lu ara wọn láti jó sí i.

Ọdún ìjọ

Ní ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, wọ́n máa ń gbé imọ̀ ọ̀pẹ káàkiri àdúgbò, Bìrìgéèdì ń lu ìlù, àwọn awakọ̀ á dúró fún wọn, àwọn kan ò ní dúró. Imọ̀ yìí, tí wọ́n ti hun bí àgbélébùú, á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì Rere jẹ́ ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wákàtí mẹ́ta láti ọ̀sán lórí ọ̀rọ̀ méje tí Jésù sọ lórí igi. Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n ń "lọ sí Gálílì": wọ́n á kó oúnjẹ, ọmọ àti ìlù, wọ́n á lọ ṣeré níta ìlú tàbí létí òkun. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì rántí Gálílì ní Bar Beach, kí ibẹ̀ tó di Eko Atlantic. Orin Kérésì pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kíkà mẹ́sàn-án ń bọ̀ ní Oṣù Kejìlá, ìsìn àìsùn ló sì ń pa ọdún dé.

Ìkórè

Kò sí oko ní Lagos Island, bẹ́ẹ̀ ìkórè ni ọjọ́ tó tóbi jù nínú ọdún. Láàárín Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kọkànlá ló sábà máa ń bọ́ sí, ìgbìmọ̀ rẹ̀ sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù mélòó kan ṣáájú: wọ́n á yan alága àti ìyá ìkórè, wọ́n á mú aṣọ, wọ́n á pín àpò ìwé fún ọrẹ.

Ti àwọn ọmọdé ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi á dúró níwájú pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun, á bẹ̀rẹ̀ àkọ́sórí rẹ̀, á dé àárín, á gbàgbé. Ìyá rẹ̀ tó jókòó ní ìlà kẹta á máa fi ètè sọ ọ́ láìpariwo. Ọmọ náà á wo ìyá, á rẹ́rìn-ín, á kàn fò sí ìparí. Àtẹ́wọ́ tó máa gbà ju ti ẹni tó kà á pé lọ.

Nígbà tó bá kan ti àgbà, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrèké, ewúrẹ́ àti páálí bisikíìtì á kún iwájú pẹpẹ. Ọjà Mile 12 ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á jó wá pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á sì máa ṣọ́ èyí tó lọ pẹ́ jù. Lẹ́yìn ìsìn ni gbàǹjo. Ẹni tó ń lu ọjà á na iṣu kan sókè: "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún! Ta ló máa fi kún un?" Bàbá kan á fi ẹgbẹ̀rún kan lé e. Ìyá Ìjọ á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. "Ẹ̀ẹ̀kan! Ẹ̀ẹ̀mejì!" Ó já sí ìyá lọ́wọ́. Ìyá ò gbé iṣu náà, ó ní kí wọ́n tún un tà. Iṣu kan lè gba ọwọ́ ẹni mẹ́rin kọjá, kó tó délé ẹni tó máa gún un.

Ìsàmì, ìgbéyàwó, ìsìnkú

Ní ìsàmì, àwọn bàbá àti ìyá ìsàmì ló ń dáhùn fún ọmọ ọwọ́. Nígbà tó bá dàgbà, tó sì ti kọ́ kátíkísìmù (ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní ìbéèrè àti ìdáhùn), bíṣọ́ọ̀bù á wá gbé ọwọ́ lé e lórí, lẹ́yìn náà ló lè gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì kì í mú ìdána kúrò. Ọjọ́ ìdána ni ẹbí ń fi ìyàwó fúnni, ṣọ́ọ̀ṣì ń bùkún un.

Ti òkú àgbà ló ń gba àyè jù. Ìsìn orin ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, nílé olóògbé tàbí ní gbọ̀ngàn. Ìsìnkú a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àpèjẹ, àti ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́ tí gbogbo ọmọ olóògbé á jó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ kan náà. Ní àwọn ìjọ àtijọ́, akọ̀wé á wá gbé ìwé ńlá kan jáde láti fi òkú náà sínú àkọsílẹ̀. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó ti gbó ni ìsàmì rẹ̀ náà wà. Kí ìjọba tó máa kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ káàkiri, ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ará Èkó fi mọ ọjọ́ orí wọn, òun náà ni wọ́n mú lọ nígbà tí wọ́n ń wá iṣẹ́.