José Raúl Capablanca

José Raúl Capablanca y Graupera (19 oṣù Kọkànlá 1888 – 8 oṣù Kẹta 1942) jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Kúbà tó gba adé àgbáyé nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì ní ọdún 1921, tó sì dé e títí di ọdún 1927. Òun ni ẹni kẹta tó jẹ́ ọba ṣẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn Wilhelm Steinitz àti Emanuel Lasker. Láti ọdún 1916 sí 1924, ọdún mẹ́jọ gbáko, kò sí ẹni tó pa á nínú ìdíje tàbí ìfigagbága kankan. Òpin ayò ni wọ́n fi ń ránti rẹ̀ jù, ìyẹn ìgbà tí ọmọ ayò tó ṣẹ́ kù lójú ọpọ́n kò bá ju díẹ̀ lọ mọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Havana ni wọ́n bí i sí, nígbà tí Kúbà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Spéìn. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun Spéìn ni bàbá rẹ̀, José María Capablanca. Capablanca sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rin lòun nígbà tóun jókòó ti bàbá òun níbi tó ti ń ta ayò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá gbé ẹṣin lọ síbi tí kò yẹ kó lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò kíyè sí i, ọmọ ló sọ pé wọ́n ti rẹ́ ẹnìkejì jẹ. Wọ́n ní kó wá ta, ó ta, ó sì pa bàbá rẹ̀. Ẹnu Capablanca fúnra rẹ̀ ni ìtàn yìí ti wá, ó sì yẹ kí a fi ìyẹn sọ́kàn bí a ṣe ń kà á.

Èyí tó ní àkọsílẹ̀ ni ìfigagbága òpin ọdún 1901, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 13. Ó kojú Juan Corzo, ọ̀ta pàtàkì ní Kúbà nígbà náà. Capablanca jẹ ẹ̀mẹrin, Corzo jẹ ẹ̀mẹta, wọ́n ta ọ̀mì ẹ̀mẹfà. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé ìyẹn ló sọ ọ́ di olúborí Kúbà, ṣùgbọ́n nínú ìdíje gbogbo ilẹ̀ náà ní ọdún 1902, ipò kẹrin ló wà.

Lẹ́yìn náà ó lọ sí New York, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Yunifásítì Columbia, kò sì parí rẹ̀. Manhattan Chess Club ló di ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an.

Bó ṣe gòkè

Ní ọdún 1909, Capablanca bá Frank Marshall, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ayò jù ní Amẹ́ríkà, figagbága. Ayò 23 ni wọ́n ta: Capablanca jẹ 8, Marshall jẹ 1, 14 sì jẹ́ ọ̀mì. Èsì yìí ló ṣílẹ̀kùn ìdíje San Sebastián ní Spéìn fún un ní ọdún 1911. Àwọn tó ti gba ẹ̀bùn nínú ìdíje ńláńlá nìkan ni wọ́n fẹ́ níbẹ̀, Capablanca kò sì tíì gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ rí. Ossip Bernstein àti Aron Nimzowitsch sọ pé kò yẹ kó wà láàárín wọn. Capablanca pa àwọn méjèèjì, ayò tó fi pa Bernstein gba ẹ̀bùn ayò tó dára jù, ó sì gba ipò kìíní pẹ̀lú àmì 9 àbọ̀ nínú 14. Akiba Rubinstein nìkan ló pa á níbẹ̀.

Láti ọdún 1913, iṣẹ́ wà fún un ní ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Kúbà. Ipò yìí jẹ́ kó lè máa rìn káàkiri ayé, kó sì máa ta ayò níbikíbi tó bá dé. Ní St. Petersburg ní ọdún 1914, ó ṣáájú gbogbo ènìyàn nínú ìpele àkọ́kọ́, àmọ́ Lasker pa á nínú ìpele àṣekágbá, Siegbert Tarrasch sì pa á lọ́jọ́ kejì. Lasker parí pẹ̀lú àmì 13 àbọ̀, Capablanca 13.

Oscar Chajes pa á ní New York ní ọdún 1916. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọdún mẹ́jọ náà bẹ̀rẹ̀: ayò 63, ó jẹ 40, ó ta ọ̀mì 23. Nínú wọn ni ayò tó ta pẹ̀lú Marshall ní New York ní ọdún 1918 wà. Marshall fi ọmọ ogun kan, ìyẹn ọmọ ayò tó kéré jù, sílẹ̀ kó lè ráyè kọlu ọba Capablanca, ó sì lo ọgbọ́n tí wọ́n ṣì ń fi orúkọ Marshall pè títí dòní. Capablanca jókòó síbẹ̀, ó wá ọ̀nà ààbò rí níkọ̀ọ̀kan, ó sì pa á.

Adé àgbáyé

Ìfigagbága pẹ̀lú Lasker wáyé ní Havana láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin 1921, owó ẹ̀bùn rẹ̀ sì jẹ́ 25,000 dọ́là. Ayò 24 ni wọ́n pinnu láti ta. Ní ayò kẹrìnlá, Lasker ní ó tó gẹ́ẹ́. Capablanca jẹ ẹ̀mẹrin, ọ̀mì mẹ́wàá, Lasker kò jẹ ẹyọ kan. Ooru Havana àti ọjọ́ orí Lasker, tó ti lé ní 50, wà lára ohun tí àwọn òǹkọ̀wé máa ń mẹ́nu bà. Wọ́n lè ní ipa tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀lé ayò kẹwàá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọpọ́n tó láti ṣàlàyé èsì náà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, ó gba ipò kìíní pẹ̀lú àmì 13 nínú 15. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀ta yòókù ti fọwọ́ sí òfin tuntun: ẹni tó bá fẹ́ gba adé lọ́wọ́ ọba gbọ́dọ̀ kó 10,000 dọ́là kalẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ jẹ ẹ̀mẹfà ló ni ín. Ní New York ní ọdún 1924, Richard Réti fòpin sí ọdún mẹ́jọ náà. Lasker ló gba ìdíje yẹn pẹ̀lú àmì 16 nínú 20, Capablanca tẹ̀lé e pẹ̀lú 14 àbọ̀. Ní Moscow ní ọdún 1925, ipò kẹta ló wà lẹ́yìn Efim Bogoljubov àti Lasker.

Bó ṣe ń ta ayò

Ohun tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣàpèjúwe ọwọ́ rẹ̀ ni ìrọ̀rùn. Ó máa ń gbé ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ ẹ́, kò wá wàhálà, ó sì máa ń fi pàṣípààrọ̀ pa iná ìkọlù kó tó ràn. Àpèjúwe yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí àwọn kan rò pé kò mọ ìkọlù. Ní Moscow ní ọdún 1914, nígbà tó kojú Bernstein, ó gbé ayaba rẹ̀ lọ sójú b2 (lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ojú kọ̀ọ̀kan lórí ọpọ́n), níbi tí ayaba Bernstein ti lè jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ ẹ́, ilé-ìṣọ́ Capablanca yóò já sí d1, ọba Bernstein yóò sì kú. Bernstein juwọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó tún yára. Ní Cleveland ní ọdún 1922, ó ta ayò pẹ̀lú ènìyàn 103 lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pa 102, ó ta ọ̀mì pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo.

Òpin ayò

Láti lóye Capablanca, òpin ayò ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, bí òun náà ṣe máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú. Ìwé rẹ̀ Chess Fundamentals (1921) kò fi ìbẹ̀rẹ̀ ayò ṣí ojú ewé rẹ̀; bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ ayò díẹ̀ há ọba mọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ́ni. Àlàyé rẹ̀ kò le: ẹni tí kò mọ ohun tí ẹṣin kan tàbí ilé-ìṣọ́ kan lè ṣe nígbà tó bá dá wà, kò lè mọ ohun tí gbogbo wọn lè ṣe pọ̀. Nínú ìwé náà ló ti tẹnu mọ́ ìlànà kan tó kà sí pàtàkì, pé kí ọmọ ogun kan ṣoṣo dá méjì ti ọ̀tá dúró.

Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù ni ayò tó ta pẹ̀lú Savielly Tartakower ní New York ní ọdún 1924, kété lẹ́yìn tí Réti pa á. Ó ku ilé-ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun. Funfun ni Capablanca, ilé-ìṣọ́ rẹ̀ wà ní h7, ti Tartakower sì dojú kọ ọmọ ogun tó wà ní c3. Ọ̀pẹ yóò sáré gba ọmọ ogun yẹn sílẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ 35, Capablanca fi í sílẹ̀, ó gbé ọba sí g3. Tartakower jẹ ẹ́, ó sì fi ilé-ìṣọ́ lé ọba. Ọba bọ́ sí h4. Ní ìgbésẹ̀ 37, ọmọ ogun Capablanca gun g6, Tartakower jẹ ọmọ ogun mìíràn ní f4, ó tún lé ọba. Ọba bọ́ sí g5, ó sì gba ibẹ̀ wọ f6 ní ìgbésẹ̀ 39.

Ibi tó dé yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Láti g5, ọba lè jẹ ọmọ ogun dúdú tó wà ní f5, kò jẹ ẹ́. Ó sá sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ọmọ ogun ọ̀tá ṣe asà, nítorí pé nígbà tó bá wà níbẹ̀, ilé-ìṣọ́ Tartakower kò lè ti ìsàlẹ̀ lé ọba mọ́. Ọba, ilé-ìṣọ́ àti ọmọ ogun g6 wá parapọ̀ sí ọba dúdú lọ́rùn. Capablanca kó ohun tó fi sílẹ̀ padà, ó jẹ ọmọ ogun f5 náà nígbà tó yá, Tartakower sì juwọ́ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 52. Ẹni tó bá ka iye ọmọ ogun nìkan yóò rò pé Capablanca ń pàdánù láti ìgbésẹ̀ 35 dé 39. Lásìkò yẹn gan-an ló ń jẹ.

Ayò kẹwàá pẹ̀lú Lasker ní 1921 jẹ́ irú mìíràn. Capablanca ló di dúdú. Ọmọ ogun Lasker tó wà ní d4 dá dúró, kò ní ẹnìkejì lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì tó lè gbèjà rẹ̀. Irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ní agbára nígbà tí ọmọ ayò bá pọ̀, torí ó ń fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láyè. Capablanca wá ń pààrọ̀ ọmọ ayò ní méjì méjì, agbára yẹn sì ń dínkù, àìlera ló ṣẹ́ kù. Kò yára jẹ ọmọ ogun náà. Ó kọ́kọ́ dá ọgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ lápá kejì ọpọ́n, débi pé Lasker kò lè gbèjà méjèèjì. Ìgbésẹ̀ 68 ni ayò náà parí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ṣì ń fi kọ́ni bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ogun tó dá dúró jà.

Ní ọdún 2006, Matej Guid àti Ivan Bratko gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà Crafty yẹ ayò àwọn ọba ṣẹ́ẹ̀sì wò. Capablanca ni àṣìṣe rẹ̀ kéré jù. Àwọn kan tako ìwádìí náà, wọ́n ní Crafty kò lágbára tó láti ṣèdájọ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. A tún gbọ́dọ̀ rántí pé ẹni tó bá ń yẹra fún ọ̀nà tó lọ́jú pọ̀ kò ní ṣìnà púpọ̀. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, èsì náà bá ohun tí àwọn tó bá a ta ayò ti ń sọ mu.

Buenos Aires, 1927

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1927, Capablanca gba ìdíje New York láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á, ó fi àmì 2 àbọ̀ ṣáájú Alexander Alekhine. Títí di ìgbà yẹn, Alekhine kò tíì pa á rí nínú ìdíje. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn méjèèjì pàdé ní Buenos Aires, Argẹntínà, lórí adé àgbáyé. Alekhine jẹ ayò àkọ́kọ́. Ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó parí: ayò 34, Alekhine jẹ 6, Capablanca 3, ọ̀mì 25. Nínú 32 lára ayò wọ̀nyí, irú ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n lò, èyí tí ọmọ ogun iwájú ayaba máa ń kọ́kọ́ gbéra.

Alekhine ti jókòó ti àwọn ayò Capablanca kó tó lọ, ó sì mú sùúrù bá a nínú irú ipò tí Capablanca fẹ́ràn. Ìfigagbága ẹlẹ́ẹ̀kejì kò wáyé láéláé. Owó àti àdéhùn di ìjà láàárín wọn.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Capablanca ṣì jẹ ìdíje lẹ́yìn 1927, lára wọn ni Budapest àti Berlin ní 1928. Ọdún tó dára jù fún un ni 1936: ó gba Moscow ṣáájú Mikhail Botvinnik, òun àti Botvinnik sì jọ pín ipò kìíní ní Nottingham, níbi tó ti pa Alekhine. Nínú ìdíje AVRO ní Netherlands ní 1938, ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, ipò keje ló wà nínú mẹ́jọ. Ní ọdún 1939 ó ṣojú Kúbà ní ọpọ́n kìíní nínú Òlíḿpíádì ṣẹ́ẹ̀sì, ìdíje láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ní Buenos Aires, ó sì gba góòlù fún èsì tó dára jù níbẹ̀.

Ó ṣubú ní Manhattan Chess Club ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1942, ẹ̀jẹ̀ ti ya wọ ọpọlọ rẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ kejì ní ilé ìwòsàn Mount Sinai. Ilé ìwòsàn kan náà ni Lasker kú sí ní ọdún tó ṣáájú. Ibojì rẹ̀ wà ní itẹ́ òkú Colón ní Havana. Láti ọdún 1962 ni Kúbà ti ń ṣe ìdíje Capablanca Memorial ní ìrántí rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1920, ẹ̀rù ọ̀mì ba Capablanca, ó ní ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ọ̀ta yóò mọ ṣẹ́ẹ̀sì débi pé ẹnikẹ́ni kò ní lè pa ẹnìkejì. Ó dábàá ọpọ́n tó ní ojú 80 dípò 64, pẹ̀lú ọmọ ayò tuntun méjì: ọ̀kan ń rìn bí bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin, èkejì bí ilé-ìṣọ́ àti ẹṣin. Ayò yẹn kò gbilẹ̀, àmọ́ àwọn díẹ̀ ṣì ń ta á, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é.