Mímú iye tí a kò mọ̀ kúrò nínú ìdọ́gba méjì

Nínú ìṣirò áljẹ́bírà tí ó ní ìdọ́gba méjì àti iye méjì tí a kò mọ̀, ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé a lè mú ọ̀kan nínú àwọn iye náà kúrò láìtíì mọ èló ni í ṣe. Kí a sọ pé obìnrin méjì rajà lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà ní Ọjà-Ọba, Ìlọrin. Èkíní ra gàrí kọ́ńgò 3 àti ẹ̀wà kọ́ńgò 2, ó san ₦7,600. Èkejì ra gàrí kọ́ńgò 3 àti ẹ̀wà kọ́ńgò 5, ó san ₦13,600. Gàrí wọn dọ́gba, nítorí náà kò sí ohun tí ó lè fa ₦6,000 tí èkejì fi san ju èkíní lọ bí kò ṣe ẹ̀wà kọ́ńgò 3 tí ó rà lé e. Kọ́ńgò ẹ̀wà kan di ₦2,000, ti gàrí sì di ₦1,200. Bí gàrí wọn kò bá dọ́gba, a ó sọ ọjà ẹnì kan di ìlọ́po, pẹ̀lú owó rẹ̀, títí wọn yóò fi dọ́gba.

Ó dunni pé ní ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àkọ́sórí kan nípa àmì (+ tàbí −) tí ó wà níwájú iye tí a fẹ́ mú kúrò ni a fi rọ́pò òye yìí: bí àmì bá jọra, yọ ọ́, bí àmì bá yàtọ̀, rò ó pọ̀. Àkọ́sórí náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí, ó sì máa ń já akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ níbi tí àmì ìyọkúrò bá ti wọlé. Bí a bá fi g dúró fún owó gàrí, tí e dúró fún ti ẹ̀wà, tí ìdọ́gba kìíní jẹ́ 3g + 2e = 7,600, tí ìkejì sì jẹ́ 3g − e = 1,600, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé àmì g jọra, yóò yọ e kúrò nínú 2e, yóò sì kọ e = 6,000 sílẹ̀. Bí ó bá dá a padà sínú ìdọ́gba kìíní, owó gàrí yóò já sí òdì, ìyẹn iye tí ó kéré sí 0.

Kí ni −e túmọ̀ sí lọ́jà? Obìnrin kẹta ni, tí ó gbé ẹ̀wà kọ́ńgò 1 wá láti Ọ̀fà, tí ó tà á fún oníṣòwò náà ní iye kan náà, tí ó gba gàrí kọ́ńgò 3, tí ó sì fi ₦1,600 lé e. Láàárín ẹni tí ó gbé kọ́ńgò 2 lọ sílé àti ẹni tí ó gbé kọ́ńgò 1 wá, ìyàtọ̀ kọ́ńgò 3 ni ó wà, nítorí náà 3e ni ó jẹ́ 6,000. Àwọn ará Ṣáínà mọ èyí dáadáa: nínú ìwé ìṣirò wọn kan tí ó ti lé ní 1,700 ọdún, ẹnì kan ta màlúù 2 àti àgùntàn 5, ó fi ra ẹlẹ́dẹ̀ 13, owó 1,000 sì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, ohun tí ó tà wà ní ìhà kan, ohun tí ó rà wà ní ìhà òdì. Síbẹ̀, orúkọ Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì tí a bí ní 1777, ni a fi ń pe ọ̀nà náà lónìí.

Ìdọ́gba kejì gbọ́dọ̀ mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Ẹni tí ó ra gàrí kọ́ńgò 6 àti ẹ̀wà kọ́ńgò 4 ní ₦15,200 kò sọ ohun tí obìnrin kìíní kò tíì sọ; bí a bá sọ ọjà ti kìíní di ìlọ́po méjì, tí a sì yọ ọ̀kan nínú èkejì, 0 = 0 ni yóò kù, àìlóǹkà iye ni yóò sì bá a mu. Bí ó bá jẹ́ ₦15,000 ni ó san, 0 = 200 ni yóò jáde: oníṣòwò ti dín owó kù fún un, kò sì sí iye gàrí àti ẹ̀wà kankan tí ó lè bá ọjà àwọn méjèèjì mu.