Ìpara apakòkòrò fún irorẹ́

Ìpara apakòkòrò fún irorẹ́ jẹ́ oògùn tí wọ́n ń fi pa ojú, àyà tàbí ẹ̀yìn láti dín bakitéríà àti ara wíwú tó ń bá irorẹ́ rìn kù. Irorẹ́ tí kò le àti èyí tó le díẹ̀ ni wọ́n ń lò ó fún. Clindamycin 1% àti erythromycin 2% ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n lè jẹ́ ìpara, jẹ́ẹ̀lì tàbí oògùn olómi.

Nígbà tí ọ̀rá àti awọ tó ti kú bá dí ihò irun ni irorẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Bakitéríà Cutibacterium acnes, tí wọ́n ń pè ní Propionibacterium acnes títí di ọdún 2016, a wá máa pọ̀ sí i nínú ihò náà. Kì í ṣe àlejò, orí awọ ara ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀ jù nínú ihò tó dí, ara a gbógun tì í, ibẹ̀ a wú, a pọ́n, a sì lè kó ọyún. Clindamycin àti erythromycin máa ń lẹ̀ mọ́ ribosome, ìyẹn ibi tí bakitéríà náà ti ń ṣe purotéènì, kò sì ní lè ṣe é mọ́. Ibì kan náà ni oògùn méjèèjì ń lẹ̀ mọ́, nítorí náà kò yẹ kí a lò wọ́n pọ̀.

Ìṣòro tó tóbi jù ni pé bó bá pẹ́, oògùn lè má ran bakitéríà náà mọ́. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń rí irú èyí lára àwọn tó ń fi ìpara yìí tọ́jú irorẹ́, èyí tí erythromycin kò bá sì ràn, clindamycin náà kì í sábà ràn án. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn awọ ara kò fi fọwọ́ sí lílo ìpara apakòkòrò nìkan. Benzoyl peroxide ni wọ́n sábà ń fi kún un. Oògùn yìí ń fi ọ́síjìn pa bakitéríà, a kò sì tíì rí bakitéríà irorẹ́ tó borí rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 2.5% fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ tó ti 10%, kì í sì í ta ènìyàn tó o. Ó máa ń bó àwọ̀ táwẹ́ẹ̀lì àti aṣọ ìrọ̀rí. Ní ọdún 2023, àjọ FDA tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí jẹ́ẹ̀lì kan tó pa clindamycin, adapalene (oògùn tí kì í jẹ́ kí ihò irun dí) àti benzoyl peroxide pọ̀.

Lẹ́yìn tí a bá ti fọ ojú tí ó sì gbẹ, a ó fi oògùn náà pa gbogbo ibi tí irorẹ́ ti ń yọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: orí irorẹ́ tó ti yọ nìkan ni wọ́n ń tọ́ ọ sí, wọ́n á sì pa á tì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ìyàtọ̀ tó hàn dáadáa. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n sábà máa ń dá apakòkòrò náà dúró, kí adapalene tàbí benzoyl peroxide máa bá iṣẹ́ lọ.

Awọ lè gbẹ, kó máa bó tàbí kó máa ta ènìyàn. Clindamycin lè fa ìgbẹ́ gbuuru tó le, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n pẹ̀lú èyí tí à ń fi pa ara. Ẹni tí apakòkòrò ti dá ọgbẹ́ sí ní ìfun rí kò gbọdọ̀ lò ó. Irorẹ́ tó ta kókó sísàlẹ̀ awọ tàbí tó ń dá àpá sílẹ̀ kọjá agbára ìpara nìkan, oògùn oníhóró bíi doxycycline tàbí isotretinoin ni dókítà sábà ń kọ fún un.