Countdown: ìdíje ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà láàrin ènìyàn méjì

Countdown jẹ́ ètò ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ènìyàn méjì ti ń fi wíwá ọ̀rọ̀ àti ìṣirò díje. Òun ni ètò àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Channel 4 gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1982. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti mú un wá. Armand Jammot ló dá irú rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1965. Ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń díje nígbà náà, kí nọ́ńbà tó wọ̀ ọ́ ní 1972, tí wọ́n sì ń pè é ní Des chiffres et des lettres. Richard Whiteley ni atọ́kùn Countdown láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tó fi kú ní 2005. Carol Vorderman ló ń bójú tó ìṣirò títí di 2008, Rachel Riley sì gbà á ní 2009.

Láti 2013, abala 15 ló wà nínú ìdíje kan: 10 fún lẹ́tà, 4 fún nọ́ńbà, àti ẹyọ kan tó gbẹ̀yìn. Ní abala lẹ́tà, olùdíje kan yóò máa bèèrè fáwẹ̀lì tàbí kọ́ńsónáǹtì lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi pé 9. Fáwẹ̀lì kò gbọdọ̀ dín ní 3, kọ́ńsónáǹtì kò gbọdọ̀ dín ní 4. Aago yóò ka ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá gùn jù ló ni máàkì, lẹ́tà kan fún máàkì kan. Ẹni tó bá lo lẹ́tà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gba 18. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá gùn bákan náà, àwọn méjèèjì ló gba máàkì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kò ní máàkì kankan. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ìdíje yìí wà: ẹni tó ti ń ṣíwájú lè dúró sórí ọ̀rọ̀ kúkúrú tó dá a lójú, ẹni tó wà lẹ́yìn ni yóò máa dán èyí tí kò dá a lójú wò.

Nọ́ńbà 24 ló wà fún ìṣirò: 25, 50, 75 àti 100, pẹ̀lú 1 sí 10 ní méjì-méjì. Wọn yóò mú mẹ́fà nínú wọn, ẹ̀rọ yóò sì yan nọ́ńbà kan láàrin 100 sí 999 tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé. A lè ro nọ́ńbà pọ̀, a lè yọ, a lè sọ ọ́ di púpọ̀, a sì lè pín in, bí kò bá ti sí àjẹkù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dé e gan-an gba 10, ẹni tó bá fi 1 sí 5 jìnnà sí i gba 7, ẹni tó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 10 gba 5, bí ẹnìkejì kò bá ti sún mọ́ ọn jù ú lọ.

Ní 1997, 25, 50, 75, 100, 3 àti 6 ló jáde, 952 sì ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá ṣe é wẹ́rẹ́ yóò ro 6 mọ́ 3, yóò sọ 9 di ìlọ́po 100, yóò fi 50 kún un, yóò wá fi 25 pín 75 kí ó lè rí 3 kún un: 953, máàkì 7. Olùdíje kan kò gba ibẹ̀. Ó ro 100 mọ́ 6, ó sọ 106 di ìlọ́po 3, ó di 318. Ó sọ ìyẹn di ìlọ́po 75, ó di 23,850. Ó yọ 50, ó ku 23,800. Ó fi 25 pín in, ó sì já sí 952 gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, nínú ìdajì ìṣẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ kan tó ní lẹ́tà 9, tí wọ́n ti da lẹ́tà rẹ̀ rú, ló máa ń gbẹ̀yìn. Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ agogo tó sì mọ ọ̀rọ̀ náà gba 10. Bí ó bá ṣì í, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́, ó ku ẹnìkejì. Bí máàkì bá dọ́gba, wọn yóò tún gbé òmíràn síwájú wọn.

Ìdíje yìí yàtọ̀ sí ayò ọlọ́pọ́n ní ọ̀nà kan tó ṣe pàtàkì. Nínú ayò, ohun tí ẹnì kan bá ta ló ń yí ilé ẹnìkejì padà. Nínú Countdown, kò sẹ́ni tó lè dí ẹnìkejì lọ́wọ́. Ohun kan náà ni wọ́n jọ ń wò.

Nàìjíríà ní orúkọ nínú eré tó sún mọ́ ọn: Wellington Jighere gba ipò akọ́kọ́ lágbàáyé nínú Scrabble ní Perth, Australia, ní 2015, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, abala nọ́ńbà ló bá ilé ẹ̀kọ́ Àbújá àti apá Àríwá mu jù. Ní Kubwa tàbí Nyanya, ọmọ Yorùbá láti Ọ̀ffà tàbí Kàbbà lè jókòó ti ọmọ Gbagyi àti ọmọ Hausa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rọrùn fún ọ̀kan ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n 75 kì í yí padà lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá ṣe abala lẹ́tà, a ní láti tún ìlànà rẹ̀ ṣe: gb gbọ́dọ̀ wà lórí páálí kan ṣoṣo, fáwẹ̀lì 3 kò sì ní tó, torí pé, yàtọ̀ sí n àti m, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀rọ̀ wa.

Abala nọ́ńbà kò ní wàhálà yẹn. Páálí 24, pátákó ìkọ̀wé àti aago ti tó. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, a lè kọ 0 sí 9 sórí páálí mẹ́wàá mìíràn, kí a fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí a máa dá a padà lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan. Bí 0 bá kọ́kọ́ jáde, a ó tún un fà.