Ohùn Ìyá Àgbà Lórí Ìwé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Orin

Ọ̀dọ́bìnrin kan ní ìlú Oǹdó ń kọ ìtàn ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ẹni tí ó máa ń lé orin fún àwọn obìnrin ilé wọn nígbà ayẹyẹ. Ó ní ìtàn náà ń lọ dáadáa, àfi ìgbà tí òun bá dé ibi orin, tí ó jẹ́ pé “ó kọrin dáadáa, ohùn rẹ̀ sì dùn bí oyin” nìkan ni ọwọ́ òun ń kọ. Ó bi mí ní ìbéèrè márùn-ún, mo sì dá a lóhùn báyìí.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí “ohùn rẹ̀ dùn” kò fi tó?

Nítorí pé “dùn” ń sọ pé etí rẹ fẹ́ ohun tí ó gbọ́, kò sọ ohun tí ó gbọ́. Ọbẹ̀ dùn, oorun dùn, orin náà dùn. Wo Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó, àti olóògbé Orlando Owoh, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìfọ́n tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀. Òṣogbo ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Oǹdó ni orírun wọn, orin àwọn méjèèjì sì dùn. Síbẹ̀, ohùn Sunny Adé fúyẹ́, ó ń rọra gun orí gìtá bí ẹni tí ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ti Orlando Owoh kẹ̀, ó wúwo, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ń ha á lọ́fun kí ó tó jáde. Bí o bá kọ “dùn” fún àwọn méjèèjì, tí o sì dúró níbẹ̀, o ti pa ìyàtọ̀ wọn rẹ́.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà?

Bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí olórin náà ń ṣe, kí o tó wá ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣàpọ́nlé. Ó máa ń dùn mí tí àwọn ọ̀dọ́ bá kọ “ó kọrin” fún ohun gbogbo, nígbà tí èdè wa ti pín in sí wẹ́wẹ́ fún wa: ọdẹ a máa sun ìjálá, awo a máa sun ìyẹ̀rẹ̀, eégún a máa pe ẹ̀sà, ìyàwó a sì máa sun ẹkún ní ọjọ́ tí ó ń lọ sílé ọkọ. Nínú orin tí ó ní lílé àti ègbè, irú èyí tí ìyá rẹ àgbà ń ṣe, ẹnì kan ni ó ń dá a, tí ó ń lé e, àwọn yòókù a sì gbè é. Ó lè fa ohùn gùn, ó lè rẹ ohùn sílẹ̀, ó lè já orin gbà lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn ń ṣa ẹ̀fọ́ ni, tí orin ń bọ̀ láti imú rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ń kùn ni, kò kọrin.

Ọ̀rọ̀ bíi gooro àti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ńkọ́? Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí ó bá a mu?

Ka ọ̀rọ̀ náà sókè kí o tó kọ ọ́, nítorí ìró irú ọ̀rọ̀ báyìí fúnra rẹ̀ ti ń ṣe àpèjúwe. Nǹkan kékeré tí ó rí roboto ni à ń pè ní rógódó, ṣùgbọ́n bí ó bá tóbi, ohùn á wálẹ̀, á di rògòdò. Ohùn òkè máa ń bá ohun kékeré tàbí ohun fífúyẹ́ lọ, ohùn ìsàlẹ̀ a sì máa bá ohun ńlá tàbí ohun wúwo lọ. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn tí tín-ín-rín àti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fi bá ohùn ọmọdébìnrin mu, tí ó sì fi jẹ́ pé nígbà tí ohùn arúgbó bá ń gbọ̀n, rìrì ni a ó kọ. Gooro ní tirẹ̀ wà fún ohùn tí ó mọ́, tí ó ń ró, tí a ń gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Fi àmì sí i dáadáa, nítorí láìsí àmì, ẹni tí ó ń kà á kò ní gbọ́ ọ. Ẹyọ kan tó gbólóhùn kan. Bí o bá kó mẹ́ta jọ, wọn yóò bo ara wọn mọ́lẹ̀.

Ṣé kí n pa àfiwé tì ni?

Rárá o. Àwọn baba wa pe ẹyẹ ìbákà ní olóhùn iyọ̀ nítorí pé wọ́n ti gbọ́ ìbákà. Mú àfiwé tìrẹ láti inú ohun tí ìyá àgbà rẹ fi ọwọ́ kàn. O sọ fún mi pé kòkó ni wọ́n ń sá níwájú ilé. Gbọ́ ìró kòkó gbígbẹ nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹsẹ̀ tú u lórí ẹní, kí o sì bi ara rẹ bóyá ohùn rẹ̀ jọ ọ́.

Ohùn rẹ̀ ti kẹ̀ báyìí, ó tilẹ̀ máa ń já. Ṣé kì í ṣe àbùkù ni láti kọ ọ́?

Ibi tí mo fẹ́ kí o dúró sí pẹ́ jù lọ nìyí. Mo wà níbi àìsùn òkú kan nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, níbi tí ìyá arúgbó kan ti fẹ́ dá orin fún olóògbé, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gbé ife omi sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí ọ̀tún, ó sì dá a. Ohùn rẹ̀ ti há láti àárọ̀. Ó lé e lẹ́ẹ̀kíní, ó lé e lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, bí ó ti fẹ́ dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ohùn náà já, ètè rẹ̀ ṣì ń mì ṣùgbọ́n a kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn obìnrin tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kò jẹ́ kí ó kanlẹ̀, wọ́n ti gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó ya ẹnu rẹ̀ dé. Omi lé ròrò sójú mi. Nígbà tí mo délé, mo kọ ife omi, mo kọ àtẹ́lẹwọ́ lórí etí, mo kọ “há” àti “já”, mo sì kọ orúkọ tí àwọn obìnrin gbà. N kò rí ibi tí mo lè fi “dùn” sí.